Bí Ó Bá Ti Rẹ Dókítà, Ìwé Oògùn A Gùn

Mo ní ọ̀rọ̀ kan láti bá yín sọ ní ọ̀sẹ̀ yìí, mo sì bẹ̀ yín kí ẹ fara balẹ̀ kà á dé òpin, nítorí pé ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni, ọ̀rọ̀ owó ni pẹ̀lú.

Ìyá kan wà ní àdúgbò wa ní Onígbòǹgbò tí ó ń ta aṣọ. Ìyá Aláṣọ ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Obìnrin tí kì í fi ọwọ́ lẹ́rán ni: kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti gbá iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ilẹ̀ a sì ti ṣú kí ó tó tì í. Ní ọdún tí ó kọjá, orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ. Ó kọ́kọ́ rò pé oòrùn ni. Nígbà tí ó di ọjọ́ kẹrin tí ara kò yá, ó ní kí n sin òun lọ sí ilé ìwòsàn aládàáni kan tí kò jìnnà sí wa, nítorí pé àwọn ọmọ rẹ̀ ti lọ sí ibi iṣẹ́, èmi sì ti ti ilé ẹ̀kọ́ dé.

A dé ibẹ̀ ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ènìyàn ti kún gbogbo bẹ́ǹṣì, àwọn kan dúró, àwọn ìyá ọlọ́mọ jókòó sí ilẹ̀. Dókítà kan ṣoṣo ni ó wà níbẹ̀. Agogo méje ti lù kí ó tó kàn wá. Nígbà tí a wọlé, mo rí i pé ojú ọ̀dọ́mọkùnrin náà ti pọ́n, ó sì fi ọwọ́ òsì ti ẹ̀rẹ̀kẹ́ bí ẹni pé orí rẹ̀ fẹ́ já bọ́.

“Mama, ẹ káàbọ̀. Kí ni ó ń ṣe yín?”

“Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Orí ni ó ń fọ́ mi, ó sì dà bí ẹni pé ibà ń ṣe mí.”

Kò tíì pa ẹnu dé tí bírò ti ń sáré lórí ìwé. Oògùn ibà. Oògùn ibà jẹ̀funjẹ̀fun. Abẹ́rẹ́ mẹ́ta. Oògùn apakòkòrò oríṣi méjì. Oògùn ẹ̀jẹ̀. Fítámì. Kí wọ́n lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò ní láàbù. Kí wọ́n fa omi sí i lára ní alẹ́ ọjọ́ náà. Gbogbo rẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Ìyá Aláṣọ dúpẹ́ títí, nítorí pé lójú tirẹ̀, dókítà tí ó bá kọ oògùn púpọ̀ ni ó mọ iṣẹ́.

Ara yá díẹ̀, orí tún bẹ̀rẹ̀. A padà lọ. Wọ́n pààrọ̀ abẹ́rẹ́, wọ́n fi oògùn kún oògùn. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà a lọ ní ẹ̀ẹ̀mẹta, owó tí ìyá náà fẹ́ fi kó ọjà ọdún sì ti wọ inú ìgò omi àti hóró oògùn lọ. Ní ọjọ́ kan, ó lọ kí ọmọ-ọmọ rẹ̀ tí wọ́n ń gún ní abẹ́rẹ́ àjẹsára ní ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé. Nọ́ọ̀sì àgbàlagbà kan wò ó lójú, ó ní: “Ìyá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jókòó kí n wọn ẹ̀jẹ̀ yín.” Ó wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan, ó tún un wọ̀n. Ohun tí ẹ̀rọ sọ ni 190 lórí 110. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni, kì í ṣe ibà. Láti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà wá, a ti ń fi ètè sílẹ̀, a ń pa làpálàpá.

Ọ̀rọ̀ tí dókítà náà sọ fún mi

Inú bí mi gidigidi. Mo rò pé olè ni dókítà náà. Ṣùgbọ́n ní àárọ̀ ọjọ́ kan mo bá a níbi tí ó ti ń ra búrẹ́dì àti àkàrà ní ẹ̀bá ọ̀nà, mo sì sọ ohun tí nọ́ọ̀sì rí fún un. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ó ní:

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Ní ọjọ́ tí ẹ mú Mama wá, mo ti ṣe iṣẹ́ òru ní ilé ìwòsàn ìjọba kí n tó wá sí ibẹ̀. Oorun wákàtí méjì ni mo sùn. Mama ni ẹni 58 tí mo rí ní ọjọ́ náà. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n wọn ẹ̀jẹ̀ wọn. Ẹ̀rọ náà wà lórí tábìlì mi. Ọwọ́ mi ni kò lè gbé e mọ́. Láti kọ oògùn yá ju láti bèèrè ọ̀rọ̀ lọ, ẹ̀gbọ́n. Bí mo bá kọ oògùn, ẹni náà a dúpẹ́, a jáde. Bí mo bá ní kò nílò oògùn, yóò jókòó tì mí, èmi yóò sì ṣàlàyé títí agbára mi yóò fi tán.”

Ọ̀rọ̀ yìí ni kò jẹ́ kí n sùn ní alẹ́ ọjọ́ náà, òun náà ni ó sì mú mi kọ ìwé yìí. Títí di ìgbà náà, mo rò pé ọ̀tọ̀ ni ọ̀rọ̀ àárẹ̀ àwọn dókítà, ọ̀tọ̀ ni ọ̀rọ̀ oògùn àpọ̀jù tí à ń rà. Mo wá rí i pé okùn kan náà ni ó so wọ́n pọ̀.

Nígbà tí epo bá tán, òwú ni ó ń jó

Àárẹ̀ tí à ń sọ yìí kì í ṣe irú èyí tí oorun òru kan lè wò. Ní ọdún 1974, onímọ̀ ìwà ẹ̀dá kan tí ń jẹ́ Herbert Freudenberger, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ọ̀fẹ́ kan ní New York, kọ̀wé nípa ohun tí ó rí lára òun fúnra rẹ̀ àti lára àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́: àwọn tí wọ́n fi ìfẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ń di ẹni tí inú rẹ̀ gbẹ. Bí fìtílà tí epo rẹ̀ ti tán tí òwú fúnra rẹ̀ wá ń jó ni ọ̀rọ̀ náà rí. Ní ọdún 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣàlàyé rẹ̀ pé wàhálà ibi iṣẹ́ tí a kò bójú tó ni ó ń fà á, wọ́n sì ka àmì mẹ́ta. Èkíní, agbára ènìyàn a tán. Èkejì, ọkàn rẹ̀ a kúrò lára iṣẹ́, kò ní bìkítà mọ́. Ẹ̀kẹta, iṣẹ́ tí ó ń ṣe kò ní dára bí ti tẹ́lẹ̀ mọ́.

Ẹ wá wo ilẹ̀ wa. Ní oṣù April ọdún 2025, Ọ̀jọ̀gbọ́n Muhammad Ali Pate, tí ó jẹ́ mínísítà ètò ìlera nígbà náà, sọ ní Àbújá pé dókítà tí ó lé ní 16,000 ni ó ti fi Nàìjíríà sílẹ̀ láàárín ọdún márùn-ún sí méje. Ó ní owó tí a fi ń kọ́ dókítà kan lé ní 21,000 dọ́là, àti pé dókítà tí ó kù fún ènìyàn 10,000 kò tó mẹ́rin. Ẹ̀yin oníṣòwò mọ ìṣirò yìí dáadáa. Bí ọmọ iṣẹ́ mẹ́wàá bá wà ní ṣọ́ọ̀bù, tí mẹ́fà bá lọ, tí oníbàárà kò sì dín, ta ni yóò ṣe iṣẹ́ àwọn tí ó lọ? Àwọn mẹ́rin tí ó kù ni. Bí ó bá sì rẹ àwọn mẹ́rin náà, àwọn pẹ̀lú yóò máa wá ọ̀nà àtilọ.

Àwa ará Ìkẹjà kò lè sọ pé a kò mọ̀ ọ́n. Ilé ìwòsàn ńlá tí à ń pè ní LASUTH lónìí, ilé ìwòsàn kékeré ni nígbà tí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn dá a sílẹ̀ ní oṣù June ọdún 1955 fún àwọn ará Ìkẹjà àti agbègbè rẹ̀. Sir Mobolaji Bank-Anthony, ẹni tí ọ̀nà ńlá tí ó gba ọ̀dọ̀ wa kọjá ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, ni ó fi Ayinke House ta wá lọ́rẹ fún àwọn aboyún. Ní ọdún 2001 ni ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó sọ ọ́ di ilé ìwòsàn tí a ti ń kọ́ àwọn dókítà. Láti ìgbà náà ni Ìkẹjà, Agége àti Onígbòǹgbò ti ń kún bí omi òjò, àwọn ilé iṣẹ́ ti pọ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ti pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá kọjá níbẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè yóò rí bí ìlà àwọn aláìsàn ti gùn tó.

Ní oṣù September ọdún 2023, ìròyìn kan gba ìlú kan nípa dókítà ọ̀dọ́ kan ní LUTH, ní Ìdí-Àràbà. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà ibẹ̀ sọ pé ó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ fún wákàtí 72 kí ó tó lọ sí ilé, àti pé ṣọ́ọ̀ṣì ni ó wà ní ọjọ́ Sunday nígbà tí ó ṣubú, tí ó sì kú. Àwọn dókítà bèèrè nígbà náà pé kí a fi òdiwọ̀n sí wákàtí iṣẹ́. Èmi náà bi ara mi ní ìbéèrè kan: ẹni tí kò sùn fún ọjọ́ mẹ́ta, ṣé ẹ óò jẹ́ kí ó wa ọkọ̀ tí ọmọ yín wà nínú rẹ̀?

“Rárá” ni ó ń gba agbára, “gbà” kò gba agbára

Ẹ jẹ́ kí n fi iṣẹ́ tiwa ṣe àpẹẹrẹ, kí ọ̀rọ̀ yìí lè yé wa. Ẹ̀yin tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ sọ òtítọ́. Bí ìwé àwọn ọmọ 80 bá wà níwájú yín, èyí tí ẹ kọ́kọ́ mú ńkọ́? Ẹ óò kà á, ẹ óò tọ́ka sí àṣìṣe, ẹ óò kọ ọ̀rọ̀ ìyànjú sí i. Èyí tí ó kàn yín ní agogo mẹ́wàá alẹ́ ńkọ́? Mààkì nìkan ni yóò gbà. Ẹ̀yin oníṣòwò, ní àárọ̀ ẹ óò bá oníbàárà ná ọjà títí kọ́bọ̀ yóò fi pé. Ní ìrọ̀lẹ́ tí ẹsẹ̀ ti wú, ẹ óò ní, “Mú un lọ jàre.”

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ti dókítà. Kí ó tó lè sọ fún aláìsàn pé “ẹ kò nílò abẹ́rẹ́ yìí,” ó gbọ́dọ̀ bèèrè ọ̀rọ̀, kí ó fọwọ́ kan ara, kí ó ronú, kí ó ṣàlàyé, kí ó sì fara da ìbínú ẹni tí ó fẹ́ abẹ́rẹ́. Gbogbo èyí ń gba agbára. Ṣùgbọ́n láti kọ abẹ́rẹ́ sí ìwé, bírò nìkan ni ó ń fẹ́.

Àwọn kan ti wádìí ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọdún 2014, dókítà kan ní Amẹ́ríkà tí ń jẹ́ Jeffrey Linder àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ iṣẹ́ ìwádìí wọn jáde. Wọ́n wo àkọsílẹ̀ ìgbà tí ó lé ní 21,000 tí àwọn tí ikọ́, ọ̀fìnkìn tàbí ọ̀fun dídùn ń ṣe lọ rí dókítà. Wọ́n rí i pé bí wákàtí ti ń gorí wákàtí ni àwọn dókítà túbọ̀ ń kọ oògùn apakòkòrò. Ní wákàtí àkọ́kọ́ ó mọ níwọ̀n. Nígbà tí ó fi máa di wákàtí kẹrin, ó ti gbéra. Bí ó ti rí ní àárọ̀ ni ó rí ní ọ̀sán. Àìsàn tí àwọn ènìyàn gbé wá kò yí padà, agbára dókítà láti sọ pé “rárá” ni ó ti dín kù. Bẹ́ẹ̀ sì ni púpọ̀ nínú irú ikọ́ àti ọ̀fìnkìn bẹ́ẹ̀ ni oògùn apakòkòrò kò lè ṣe ohunkóhun sí.

Bí ó bá rí báyìí fún àwọn tí wọ́n ń rí ènìyàn díẹ̀ lóòjọ́ nínú yàrá tí iná kì í lọ, kí ni ẹ rò nípa ẹni tí ó rí 58 nínú ooru Èkó?

Ọ̀rọ̀ kan tí ó ń ṣì wá lọ́nà

Èdè wa gan-an ń dá kún un. Nígbà tí ara Yorùbá bá gbóná, ó ní ibà ń ṣe òun. Nígbà tí ẹ̀fọn bá gbé kòkòrò sí i lára, ibà náà ni à ń pè é. Orúkọ kan ni a fún ara gbígbóná àti àìsàn ẹ̀fọn. Nítorí náà, bí ìyá bá sọ pé “ibà ń ṣe ọmọ mi,” ó ti kọ oògùn fún dókítà kí dókítà tó gbé bírò. Bí ó bá ti rẹ dókítà, yóò gba ọ̀rọ̀ náà bẹ́ẹ̀.

Láti ọdún 2010 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ pé kí a yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kí a tó fún ẹnikẹ́ni ní oògùn ibà ẹ̀fọn. Àyẹ̀wò náà kò le: a ó gún ìka, a ó kán ẹ̀jẹ̀ sí orí ike kékeré, kò sì tó ìdajì wákàtí tí èsì yóò fi jáde. Síbẹ̀ ní ọdún 2013, àwọn olùwádìí tẹ̀ ẹ́ jáde pé ní Èkó níbí, ọ̀pọ̀ ọmọ tí ara wọn gbóná tí wọ́n sì fún ní oògùn ibà ni kò ní kòkòrò ibà lára rárá. Ti ibà jẹ̀funjẹ̀fun náà kò yàtọ̀. Àyẹ̀wò Widal tí àwọn láàbù wa máa ń ṣe lè sọ pé “ó wà” lára ẹni tí àìsàn náà ti ṣe rí tí ó sì ti lọ, tàbí ẹni tí ó ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀. Ẹ̀rí kan ṣoṣo bẹ́ẹ̀ kò tó láti dá ẹjọ́. Ṣùgbọ́n bí ìwé láàbù bá ti sọ pé “ó wà,” ta ni yóò dúró jiyàn ní agogo méje alẹ́?

Àpọ̀jù tún ń padà wá di àárẹ̀

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ti ń yí po. Dókítà kò rí ìṣẹ́jú mẹ́wàá fún Ìyá Aláṣọ ní ọjọ́ kìíní. Nítorí èyí, ìyá náà padà wá ní ẹ̀ẹ̀mejì sí i. Ó jókòó sí àyè ẹlòmíràn lórí bẹ́ǹṣì, nọ́ọ̀sì fa omi sí i lára, láàbù yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, dókítà ka ìwé èsì, akọ̀wé kọ ọ́ sí káàdì. Iṣẹ́ tí kò yẹ kí ó wáyé rárá ti di iṣẹ́ ọwọ́ márùn-ún. Ní Ìkẹjà tiwa yìí, àwọn òṣìṣẹ́ mìíràn kàn ń fẹ́ ìwé tí wọn yóò fi han ọ̀gá pé ara wọn kò yá ni, wọ́n á tò sí ìlà, wọn yóò sì gba oògùn mọ́ ìwé náà. Gbogbo ìwọ̀nyí ń fi kún ìlà, ìlà ń fi kún àárẹ̀, àárẹ̀ ń fi kún ìwé oògùn.

Ohun kan tún wà tí ó ń pa ọkàn ju iṣẹ́ púpọ̀ lọ. Ìyẹn ni kí ènìyàn máa ṣe iṣẹ́ tí ó mọ̀ nínú ara rẹ̀ pé kò ṣe ẹnikẹ́ni ní àǹfààní. Dókítà náà sọ fún mi pé ohun tí ó ń dun òun jù kì í ṣe ẹsẹ̀ tí ó wú. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ní alẹ́ mo máa ń ronú bí iye àwọn tí mo tọ́jú ní tòótọ́ ti kéré tó.”

N kò fẹ́ kí ẹ rò pé àárẹ̀ nìkan ni ó ń fa oògùn àpọ̀jù. Ilé ìwòsàn aládàáni mìíràn wà tí ó jẹ́ pé owó abẹ́rẹ́ àti omi ni wọ́n fi ń san owó iná àti owó oṣù. Àwọn dókítà kan ń bẹ̀rù pé bí àwọn kò bá kọ gbogbo àyẹ̀wò, a ó fi àwọn sùn. Àwa aláìsàn náà kò mọ́wọ́ wa kúrò. Àwa ni a máa ń sọ pé, “Dókítà yẹn kò mọ nǹkan kan, kò tilẹ̀ gún mi ní abẹ́rẹ́.” Ṣùgbọ́n ẹni tí ara rẹ̀ le a lè dojú kọ gbogbo ìwọ̀nyí, kí ó sì ṣe ohun tí ó tọ́. Ẹni tí epo rẹ̀ ti tán yóò tẹ̀ lé ọ̀nà tí ó rọ̀ jù.

Ohun tí ó ń ná wa

Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ṣírò rẹ̀ pé ó lé ní ìdajì nínú gbogbo oògùn àgbáyé tí à ń kọ tàbí tí à ń tà lọ́nà tí kò yẹ. Ní ilẹ̀ tí ìjọba ń san owó ìtọ́jú, ìjọba ni òfò náà bá. Ní Nàìjíríà, nínú 100 náírà tí a ná lórí ìlera, ó lé ní 70 tí ó ń ti àpò àwọn aláìsàn àti ẹbí wọn jáde. Nítorí náà, ìgò omi tí kò yẹ, owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ ni, owó ọjà ni.

Èyí tí ó burú ju owó lọ ni pé oògùn apakòkòrò tí a bá ń lò láìnídìí ń kọ́ àwọn kòkòrò ní ọgbọ́n. Wọn yóò mọ oògùn náà, oògùn kò sì ní ràn wọ́n mọ́. Ìwádìí ńlá kan tí ó jáde ní ọdún 2022 sọ pé ní ọdún 2019, ènìyàn bí 1,270,000 ni ó kú ní gbogbo ayé nítorí kòkòrò tí oògùn kò ràn mọ́. Agbègbè tí ọ̀rọ̀ náà ti le jù lọ ni Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà tiwa yìí: nínú ènìyàn 100,000, ó pa 27.

Àkóbá kẹta ni ti Ìyá Aláṣọ. Oògùn púpọ̀ lè bo àìsàn gidi mọ́lẹ̀. A rò pé a ń tọ́jú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ríru ń ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ lọ lábẹ́lẹ̀.

Ohun tí wọ́n ṣe ní New York

Ní oṣù March ọdún 1984, ọmọbìnrin ọdún 18 kan tí ń jẹ́ Libby Zion wọ ilé ìwòsàn ní New York pẹ̀lú ara gbígbóná. Àwọn dókítà ọ̀dọ́ tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ fún wákàtí gígùn ni wọ́n tọ́jú rẹ̀ ní òru náà. Wọ́n fún un ní oògùn kan tí kò yẹ kí ó pàdé oògùn tí ó ti ń lò tẹ́lẹ̀. Ilẹ̀ mọ́, ọmọbìnrin náà kú. Bàbá rẹ̀, Sidney Zion, tí ó jẹ́ agbẹjọ́rò àti akọ̀ròyìn, kò jókòó sunkún nìkan. Ó béèrè pé kí ni ó dé tí ẹni tí kò sùn fi ń tọ́jú ènìyàn. Ìjọba gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀ lábẹ́ Dókítà Bertrand Bell, nígbà tí ó sì di ọdún 1989, ìpínlẹ̀ New York pàṣẹ pé dókítà tí ń kọ́ṣẹ́ kò gbọ́dọ̀ ṣe ju wákàtí 80 lọ ní ọ̀sẹ̀ kan, kò sì gbọ́dọ̀ tọ́jú aláìsàn ju wákàtí 24 lọ láìsinmi. Ní ọdún 2003, òdiwọ̀n wákàtí 80 náà kan gbogbo Amẹ́ríkà.

Òfin náà kò pa àárẹ̀ àwọn dókítà wọn rẹ́, àwọn náà ṣì ń kígbe. Ṣùgbọ́n ó fi ohun kan lélẹ̀: ìsinmi dókítà kì í ṣe ojúrere tí a ṣe fún dókítà, ààbò aláìsàn ni.

Ohun tí ó wà lọ́wọ́ wa

Ọwọ́ ìjọba ni iṣẹ́ tí ó tóbi jù wà: kí wọ́n gba dókítà àti nọ́ọ̀sì sí i, kí wọ́n san owó wọn ní àkókò, kí wọ́n fi òdiwọ̀n sí wákàtí iṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí a bi àwọn tí ń wá ìbò wa léèrè ọ̀rọ̀ yìí. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó dáhùn, àwa náà ní iṣẹ́ tiwa.

Èkíní, ẹ má fi dandan gba abẹ́rẹ́ tàbí omi. Ẹni tí ó lè jẹun, tí ó lè mu omi, tí kì í bì, oògùn ẹnu sábà máa ń tó o.

Èkejì, ẹ fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bèèrè ọ̀rọ̀ mẹ́ta lọ́wọ́ dókítà: “Kí ni ẹ rò pé ó ń ṣe mí? Èwo nínú àwọn oògùn yìí ni n kò gbọ́dọ̀ má lò? Kí ni mo lè rí tí yóò mú kí n tètè padà wá?” Bí ẹ bá ti tó ogójì ọdún, ẹ fi ìkẹrin kún un: “Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi wọn ẹ̀jẹ̀ ríru mi.”

Ẹ̀kẹta, ẹ ra ìwé kékeré kan, kí ẹ máa kọ orúkọ gbogbo oògùn tí ẹ bá lò sí i, kí ẹ sì máa mú un dání. Ó ń gba dókítà ní àkókò púpọ̀.

Ẹ̀kẹrin, ẹ jẹ́ kí ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé máa jẹ́ ibùdó àkọ́kọ́ fún àìsàn tí kò le, kí àyè lè wà ní LASUTH fún àwọn tí ó wà láàárín ikú àti ìyè.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ wádìí ètò adójútòfò ìlera tí ìpínlẹ̀ Èkó ń pè ní Ìlera Èkó. Ẹgbẹ́ ọjà lè pè wọ́n kí wọ́n wá ṣàlàyé fún gbogbo ọmọ ẹgbẹ́.

Ẹ̀kẹfà, ẹ̀yin tíṣà, ẹ kọ́ àwọn ọmọ pé kì í ṣe gbogbo ara gbígbóná ni ibà ẹ̀fọn. Ọmọ tí ó bá gbọ́ ọ ní kíláàsì yóò sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀ nílé.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣì mí gbọ́. Bí gìrì bá mú ọmọ, bí kò bá lè mu omi tàbí ọmú, bí èémí bá ń há ènìyàn, bí àyà bá ń dun àgbàlagbà, bí ẹnu bá wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan tàbí apá kan bá rọ, bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà lára aboyún, ẹ má dúró, ẹ má rò ó lẹ́ẹ̀mejì, ẹ sáré lọ sí ilé ìwòsàn. Oògùn tí dókítà bá sì ti ní kí ẹ máa lò, ẹ má dá a dúró fúnra yín. Ìwọ̀ntúnwọ̀nsì ni mo ń wí, n kò ní kí a kọ ìtọ́jú sílẹ̀.

Paríparí rẹ̀, ẹ jẹ́ kí a máa kí wọn. Ẹ má bú nọ́ọ̀sì, ẹ má gbé ọwọ́ sókè sí dókítà. Ẹni tí ó ti ń ṣiṣẹ́ láti àná, “ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìrọ́jú” lè dá agbára díẹ̀ padà sí i lára.

Ìyá Aláṣọ ń lo hóró oògùn kan lójoojúmọ́ báyìí, ó dín iyọ̀ kù, ó sì ń lọ wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ní oṣooṣù lọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì àgbàlagbà náà. Ọjà rẹ̀ kò tíì padà sí bí ó ti wà, ó ṣì ń san gbèsè, ṣùgbọ́n ó wà láàyè. Nípa ti dókítà wa, mo gbọ́ pé ó ti kọjá sí òkè òkun. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá mo gba iwájú ilé ìwòsàn náà kọjá ní ìrọ̀lẹ́. Bẹ́ǹṣì kún. Dókítà mìíràn ti jókòó sí àga náà, ọmọdé ni lójú, ó sì ti fi ọwọ́ òsì ti ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Kí Ọlọ́run fún wa ní ìlera, kí ó sì fún àwọn tí ń tọ́jú wa ní ìsinmi. Àmín.